Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Inú Ẹ̀rọ Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè ohun tó dé tí n kò fi kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ ni mo ń bá kiri láti Kétu dé Ìkòsí. Ìrìn náà dùn mọ́ mi nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó ná mi lówó, àìmọ̀ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n pàdánù ohun tí owó kò lè rà.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí ni ámpílífáyà Bàbá àgbà, èyí tí ń gba ohùn tín-ín-rín lẹ́nu abẹ́rẹ́ àwo orin, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohùn ńlá fún sipíkà. Ọdún 1975 ni wọ́n rà á, nígbà tí owó Udoji dé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lè má mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ni ó yẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba wò, tí ó sì dámọ̀ràn ní 1974 pé kí wọ́n fi kún un. Owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì nígbà náà. Ìjọba san àfikún, wọ́n sì tún san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní alùpùpù ra alùpùpù, ẹni tí kò ní fírííjì ra fírííjì. Bàbá àgbà, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ra ámpílífáyà Kenwood, ẹ̀rọ tí ń yí àwo, àti sipíkà méjì tí ó ga dé ìbàdí àgbàlagbà. Màmá àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí wọ́n ra. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Bàbá sì ti sùn, síbẹ̀ ẹ kò lè jókòó ti Màmá fún wákàtí kan kí wọ́n má dárúkọ ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn.

Àmọ́ àwọn kan náà ni wọ́n ń gbọ́ ọ jù. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ojú Màmá ti ń ṣókùnkùn. Wọn kò lè wo amóhùnmáwòrán mọ́, wọn kò sì lè ka Bíbélì olójú-ńlá tí a rà fún wọn. Etí ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti jẹun tán, a ó gbé àwo kan lé orí ẹ̀rọ: Haruna Iṣọ̀lá lónìí, Àyìnlá Ọmọwúrà lọ́la, Ebenezer Obey bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi. Màmá á máa mi orí, wọ́n á sì máa sọ ìtàn ẹni tí orin náà ń kì, ibi tó ń gbé, àti ìyàwó tó fẹ́ gbẹ̀yìn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná tí wọ́n mú lọ láti àárọ̀ padà dé pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ ju ti ìgbàkúgbà lọ. Gílóòbù mọ́lẹ̀ rokoṣo, ẹ̀rọ náà kùn ùùù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn nǹkan tó ń jó bo pálọ̀, ó sì dákẹ́.

Mo fi fóònù mi gbé àwọn orin kan náà sétí Màmá. Wọ́n fetí sí i díẹ̀, wọ́n ní, "Inú agolo ni ẹni yìí wà." Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí a kúkú gbé ẹ̀rọ náà fún àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri Kétu, tí wọ́n ń pariwo pé àwọn ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Màmá ní, "Ẹ ṣe é bí ó bá ti yín." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọlé sùn ní aago méje ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú àgbàlagbà mọ̀ pé irú oorun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oorun.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ tú u, ó ní àwọn tìráńsítọ̀ ńlá mẹ́rin tó ń gbé ohùn jáde ti jóná, wọn kò sì ṣe irú wọn mọ́. Ó ní òun á fi 2N3055 rọ́pò wọn, nítorí pé "ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Iye tó pè kéré, ìyẹn sì dùn mọ́ mi, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ẹ̀rọ kọrin fún ìrọ̀lẹ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó bẹ́ pàù, èéfín sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Sipíkà apá ọ̀tún, tó ti wà nílé kí wọ́n tó bí bàbá mi, ta jáde bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Mo fa wáyà yọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Díẹ̀ ló kù kí ó jó tán.

Ìgbà náà ni ẹnì kan ní Mile 12, obìnrin kan tí ń ta tàtàsé lọ́dọ̀ èyí tí Màámi ti máa ń rajà, sọ fún wa nípa bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkòsí. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ọjà èso, òórùn ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn ń wọlé pọ̀ mọ́ òórùn òjé yíyọ́. Rédíò tó ti kú kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Nígbà tí mo sọ pé èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì, wọ́n yọ díńgí ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, kí ni ẹ ń pe tìráńsítọ̀ ní Yorùbá?"

Mo ní n kò mọ̀, Bàbá.

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni a ń pè é níbí. Jókòó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, kí n sì fi èyí tí mo kà kún un. Tìráńsítọ̀ ni ẹ̀yà kékeré tí iná kíún ń darí iná púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ronú nípa ọwọ́ ẹ̀rọ omi: ìka kan ṣoṣo ni ẹ fi ń yí i, ṣùgbọ́n omi tí ó ń tú jáde lè kún garawa. Iná tó gba ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní béèsì ni ìka yẹn. Omi náà ń ṣàn láàárín ẹsẹ̀ méjì yòókù, kọlẹ́kítọ̀ àti èmítà. John Bardeen, Walter Brattain àti William Shockley ni wọ́n ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1947 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1948, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1956. Kí ó tó dé, ọmọ onígíláàsì tí ń gbóná bí iná ìdáná ni wọ́n ń lò nínú rédíò. Nígbà tí rédíò kékeré àfọwọ́gbé dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ ẹ̀yà yìí gan-an ni àwọn baba wa fi pe odidi rédíò náà.

Àwọn ará Japan sọ ọ́ lórúkọ ní ìlànà. 2SA àti 2SB ni ti irú PNP, 2SC àti 2SD ni ti irú NPN. Ọ̀nà tí iná gbà ń wọ inú irú kan lòdì sí ti èkejì. Wọn kì í sábà kọ "2S" sí i lára, nítorí náà bí ẹ bá rí C1815, 2SC1815 ni. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà nínú àwọn ẹ̀rọ 1970 sí 1990, Kenwood, Sansui, Pioneer, Akai, gbogbo ohun tí àwọn baba wa fi ń yangàn ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún tìráńsítọ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan ṣoṣo, àwọn oníbàárà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dín kù, iléeṣẹ́ sì ń pa orúkọ rẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

Orúkọ tí iléeṣẹ́ ti pa rẹ́ ṣì ń jáde ní tuntun lójú àtẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Bàbá ní bí òun bá rí ohun tí wọn kò ṣe mọ́ láti ogún ọdún, tó ń dán, tí owó rẹ̀ sì kéré, òun kì í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n lè ti ha orúkọ olówó pọ́ọ́kú kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn 2N3055 mi tó jóná, wọ́n fi ayùn irin ṣí fìlà rẹ̀. Wóró dúdú tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó ìrẹsì kan. Wọ́n mú òmíràn tí wọ́n ti ṣí tẹ́lẹ̀ láti inú ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti ìyẹn fẹ̀ bí èékánná ìka ọmọ ọwọ́. Ooru tí odidi ẹ̀rọ ń pèsè, ẹ ní kí wóró tí kò tó ìrẹsì gbé e.

"Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó," Bàbá ní, "yóò kú náà ni."

Wọ́n fi mítà wọn iná inú ẹ̀rọ wa. 38 fóltì lókè òdo, 38 fóltì nísàlẹ̀ òdo. Bí apá kan bá ń fa gbogbo rẹ̀, apá kejì ni yóò ru àpapọ̀ méjèèjì, 76. 60 fóltì sì ni agbára 2N3055 mọ láàárín kọlẹ́kítọ̀ àti èmítà rẹ̀. Ẹni tó rà á fún mi kò ka ìwé rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lórúkọ nítorí pé ó gbajúmọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń tọ́jú iná káàkiri ìlú. Ó kọrin fún ọjọ́ méjì nítorí pé a kò yí ohùn sókè. Ní ọjọ́ kẹta, èmi ni mo yí i.

Mo ti rò pé bí ènìyàn bá ń wá arọ́pò ohun tí kò sí mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá èyí tí ó jọ orúkọ náà jù. Bàbá ní iṣẹ́ ẹni tó kú ni kí n kọ́kọ́ mọ̀. Fóltì mélòó ló gbé? Arọ́pò gbọ́dọ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù ú lọ. Iná mélòó ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ooru mélòó ló sì lè fara dà? Bákan náà. Èwo ni irú rẹ̀, NPN tàbí PNP? Ìyẹn kò ní àjùlọ. Bí wọ́n bá pa á dà, kò sí orin. Ìlọ́po tó ń sọ iná kíún dà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti àkọ́kọ́. Ní ti ìyára rẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé èyí tí ó yára jù kì í ṣe èrè. Bí ó bá yára ju bí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà lọ, ó lè máa hó fúnra rẹ̀ lóhùn tí etí kò gbọ́, kí ó gbóná títí yóò fi jóná.

Ẹsẹ̀ tún ń bẹ. Ẹ di ẹ̀yà kékeré náà mú, kí ẹ kọ ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ara yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti òsì sí ọ̀tún, ti C1815 láti Japan ni èmítà, kọlẹ́kítọ̀, béèsì. Ti BC547 tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù ni kọlẹ́kítọ̀, béèsì, èmítà. Ti 2N3904 ti Amẹ́ríkà ni èmítà, béèsì, kọlẹ́kítọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúdú, wọ́n kéré, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá ti èkejì bọ ihò àkọ́kọ́ láìwo ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sọ pé ọjà náà kò dára.

Nígbà tí wọ́n ń sọ èyí, ọkàn mi lọ sí kíláàsì ọ̀rọ̀ àyálò. Ọ̀rọ̀ tó ti ìlú mìíràn wá kì í dá Yorùbá láàmú nítorí ibi tó ti wá. Bí ó bá ti gba ohùn, tí fáwẹ́lì sì wà láàárín kọ́ńsónáǹtì rẹ̀, ó di tiwa. "Bírédì" kò ní nǹkan kan í tọrọ gáfárà fún. N kò sọ èyí fún Bàbá. Wọn ì bá tún pè mí ní akọ̀wé.

Èyí tí wọ́n yàn fún wa ni MJ15003. Kò bá ti àtijọ́ tan lórúkọ rárá. Ó jẹ́ NPN onífìlà irin gẹ́gẹ́ bí gbogbo àwọn mẹ́rin inú ẹ̀rọ wa, ihò rẹ̀ bá ihò mu, ó gbé 140 fóltì àti 20 ámpíà, ó sì lè fara da 250 wáàtì bí irin tí a dè é mọ́ bá tutù. Wọ́n ní kí n má rà á lójú àtẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màámi tó ń gbé ní Peckham rà á lọ́dọ̀ ọlọ́jà tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí, ó fún ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé fún ìgbéyàwó. Inú bàtà ni ó bá a wá. Mo lọ gbà á ní Òjótà, mo sì rò pé yóò wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a ti dúró dè é tó.

Kí ó tó dé, a ti rí àìsàn mìíràn. Ní apá òsì ẹ̀rọ náà, kódà ṣáájú ọjọ́ iná burúkú yẹn, ariwo kan máa ń wà lábẹ́ orin bí àkàrà tó ń dín nínú epo. A ti rò pé àwo ló gbó. Bàbá fi ìka tọ́ka sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré kan tí Hitachi ṣe, 2SC458. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe mọ ìdílé rẹ̀ dáadáa: bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, ẹsẹ̀ á dúdú, ohùn á sì máa dín.

Ti ìyẹn kò gba Peckham. Bàbá gbé pátákó inú rédíò onítéèpù kan sílẹ̀ níwájú mi, ẹ̀rọ Japan tó ti kú, tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onímọlanke. Mo fi ọ̀sán kan yọ́ òjé, mo fa C1815 mẹ́jọ yọ, mo sì jó àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní èyí tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti jó mọ́ pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ayédèrú. Ta ni yóò ṣe ayédèrú kó sínú rédíò nígbà tí ojúlówó kò ju kọ́bọ̀ mélòó kan lọ? 50 fóltì ni ó gbé, ti àtijọ́ gbé 30. Ẹsẹ̀ wọn tò bákan náà. Lẹ́tà GR wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé ìlọ́po rẹ̀ wà láàárín 200 àti 400. Wọ́n fi mítà wọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n sì mú méjì tí ìlọ́po wọn sún mọ́ra jù, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, kí ohùn má ba à tẹ̀ sí ibì kan.

Ẹ ò rí i pé inú ọmọlanke tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sí ni oògùn rẹ̀ ti jáde. Àwa ará Kòsọ́fẹ́ ń gbé nítòsí Olúṣòsùn, òkìtì ìdọ̀tí Òjótà tí iná sọ nínú rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, tí èéfín rẹ̀ mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé. Ní 2005, àjọ Basel Action Network kọ ìròyìn kan lórí àlòkù ẹ̀rọ tí ń gba èbúté Èkó wọlé. Wọ́n ní a fojú bù ú sí kọ̀ǹténà 500 lóṣù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì wúlò mọ́. Mo máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn, mo ṣì ń bínú sí i. Àwọn tí ń jó wáyà láti rí bàbà inú rẹ̀ ń fa májèlé símú, kò sì sí bí a ṣe lè fi ẹwà bo ìyẹn. Àmọ́ Bàbá Ìkòsí ní àpótí kan tí wọ́n kọ "alààyè" sí lára, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ kúrò lára òkú.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi bébà mica sáàárín fìlà irin àti irin tó ń gba ooru, wọ́n fi ọ̀rá funfun pa á, wọ́n pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí 2N3055 mú dání lọ. Wọn kò so ẹ̀rọ mọ́ iná tààrà. Gílóòbù 100 wáàtì kan wà lára ògiri wọn tí iná gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ẹ̀rọ. Bí nǹkan kan bá ti so kọ́ra wọn nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á mọ́lẹ̀ kedere, á gba ìyà náà jẹ, ẹ̀rọ kò sì ní jóná. Bí ara ẹ̀rọ bá le, á mọ́lẹ̀ fìrí, á sì rọ̀ padà.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ bọ́tìnnì ni wọ́n mú iná lọ.

A jókòó fún wákàtí méjì àti ààbọ̀. Mo jẹ ọsàn márùn-ún. Nígbà tí iná dé, Bàbá kọ́kọ́ jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n fi mítà wò ó bóyá ó ti pọ̀ jù, kí wọ́n tó tẹ ẹ́. Gílóòbù tàn yòò. Mo ti di ojú. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹyin iná tó kù nínú eérú. Bàbá fi mítà kan ẹnu ọ̀nà sipíkà, níbi tí iná tààrà kò gbọdọ̀ sí: mílífóltì 18 lápá kan, 22 lápá kejì. Wọ́n ní, "Gbé e lọ sílé. Má yí i kọjá ìdajì kí oṣù yìí tó parí."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Kétu. Màmá ti wọ yàrá. Mo so gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, mo gbé Haruna Iṣọ̀lá lé e. Àkàrà kò dín mọ́ lápá òsì; ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo gbọ́ tí ọ̀pá Màmá ń kan ilẹ̀ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà níbi tí fìlà irin mẹ́rin ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti pariwo jù," ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn. "Ohun tí mo máa ń bá bàbá yín jà lé lórí nìyẹn. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí apá kìíní àwo parí, wọ́n ní kí n yí i sí èkejì.